Ìbéèrè Yín: Iṣẹ́ sú mi, mo tún ti náwó

Ìbéèrè: Bí iṣẹ́ bá ti sú mi, kí n tó ṣẹ́jú, mo ti ra ohun tí n kò nílò lórí fóònù. Tí másùnmáwo bá tún wà ńlẹ̀, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló fà á?

Ìdáhùn: Bí nǹkan bá súni, ọpọlọ a máa wá ohunkóhun tó lè ta á jí, ìbáà jẹ́ ìrora. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí Yunifásítì Virginia fi àwọn èèyàn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 láìsí fóònù, láìsí ìwé. Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tó ń fi iná mànàmáná gbọn ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin 12 nínú 18 ló tẹ̀ ẹ́, obìnrin 6 nínú 24. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti sọ ṣáájú pé àwọn á sanwó kí iná náà má kan àwọn!

Apá ọpọlọ tó wà lẹ́yìn iwájú orí ni bíréèkì wa. Másùnmáwo máa ń dín agbára rẹ̀ kù. Họ́mọ̀nù cortisol, tí ara máa ń tú jáde nígbà másùnmáwo, sì sábà máa ń ga jù ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 lẹ́yìn tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ má rajà láàárín àkókò yẹn. Ẹ yọ nọ́ńbà káàdì yín kúrò lórí fóònù; ká tún máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ń fún bíréèkì láyè. Ẹ mí sínú fún ìṣẹ́jú àáyá 4, ẹ mí síta fún 6, fún ìṣẹ́jú 5.

Ẹ má fi fídíò rọ́pò ọjà o. Fífò láti orí ọ̀kan sórí òmíràn máa ń mú kí nǹkan túbọ̀ súni.