Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ka yúníìtì rẹ kí o tó pààrọ̀ kọ́ọ̀sì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Chemistry ni wọ́n fún mi ní yunifásítì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí 100 level, CGPA mi, ìyẹn ìṣirò àárín gbogbo èsì mi, jẹ́ 4.21, n kò sì ní carryover kankan, ìyẹn iṣẹ́ tí mo kùnà tí mo gbọ́dọ̀ tún ṣe. Computer Science ni ọkàn mi wà, nínú ilé-ìwé kan náà. Ṣé wọ́n lè gbé mi sí 200 level níbẹ̀, àbí màá tún bẹ̀rẹ̀ láti 100 level? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìlọrin

Ìdáhùn: O kú oríire èsì yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe CGPA ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Èsì WAEC tàbí NECO rẹ àti iṣẹ́ mẹ́rin tí o fi ṣe UTME ni wọ́n máa tú wò ná. Computer Science ń béèrè Mathematics àti Physics nínú UTME. Bó bá jẹ́ Biology lo mú dípò Mathematics nígbà náà, 4.21 kò lè gbà ọ́. Lọ sórí IBASS, ìkànnì tí JAMB kó ohun tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń béèrè sí, kí o fi wé èsì rẹ kí o tó san owó fọ́ọ̀mù.

Bí ibẹ̀ bá mọ́, ó ku ìṣirò yúníìtì, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Nínú CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ń lò báyìí, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú kọ́ọ̀sì kan jọra ní gbogbo yunifásítì. Ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń fi 30 tó kù kún un fúnra rẹ̀. Àwọn iṣẹ́ tí kọ́ọ̀sì méjèèjì jọ ní, bíi GST 111, MTH 101 àti PHY 101, tí o ti yege nínú wọn máa bá ọ lọ. Èyí tí o lè má ní ni COS 101 àti COS 102, iṣẹ́ Computer Science ti 100 level, yúníìtì mẹ́ta-mẹ́ta. Bí o kò bá ní wọn, o gbọ́dọ̀ ṣe wọ́n pọ̀ mọ́ iṣẹ́ 200 level, bẹ́ẹ̀ NUC kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ fún ju yúníìtì 24 lọ ní sẹ̀mẹ́sítà kan.

Ká ní iṣẹ́ 200 level jẹ́ yúníìtì 20 ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́. Fi COS 101 lé e, ó di 23, kò burú. Bí STA 111, iṣẹ́ Statistics tí òun náà jẹ́ yúníìtì mẹ́ta, bá tún wà lára ohun tí o kò ṣe, ó di 26. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Bí ohun tó kúrò bá jẹ́ èyí tí o gbọ́dọ̀ yege kí wọ́n tó jẹ́ kí o ṣe iṣẹ́ 300 level kan, o ti fi ọdún kan kún ọdún rẹ láìmọ̀. Ohun tó ń sọ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé dáadáa di ẹni ọdún márùn-ún nínú kọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́rin nìyẹn.

Mú handbook (ìwé ìlànà) ẹ̀ka tí ò ń lọ, jókòó ti level adviser ibẹ̀, olùkọ́ tó ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà, kí ẹ jọ fi èsì rẹ wé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí 20 bá ni iṣẹ́ sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, àyè tó kù fún ọ lódindi ọdún kò ju yúníìtì mẹ́jọ lọ. Bí yúníìtì tí o jẹ ní gbèsè bá ju ìyẹn lọ, ní tiwa, ó sàn kí o gba 100 level pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.

Béèrè lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú bóyá gbogbo ohun tí o ti ṣe ni wọ́n máa kà mọ́ CGPA rẹ, tàbí kìkì èyí tó bá kọ́ọ̀sì tuntun mu. Ilé-ìwé kò ṣe é bákan náà. Ká ní póìǹtì 160 lórí yúníìtì 38 ló fún ọ ní 4.21 yẹn. Bí wọ́n bá yọ yúníìtì mẹ́fà ti CHM (Chemistry), tó sì jẹ́ A, ìyẹn póìǹtì márùn-ún lórí yúníìtì kan, lo gbà nínú gbogbo rẹ̀, póìǹtì 30 ló lọ. Ó ku 130 lórí 32, ìyẹn 4.06. Ó yẹ kí o ti mọ̀ kí o tó lọ, kí ó má baà bá ọ lójijì.

Ní ti ìwé: nígbà tí Senate bá ti fọwọ́ sí èsì sẹ̀mẹ́sítà kejì ni kí o gba fọ́ọ̀mù ní Registry. HOD (olórí ẹ̀ka) tí ò ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ máa fọwọ́ sí i, HOD tó fẹ́ gbà ọ́ náà á fọwọ́ sí i, àti dean méjèèjì bí fákọ́tì bá yàtọ̀. Má ṣe tìtorí pé HOD kan ti sọ fún ọ lẹ́nu pé kò sí wàhálà, kí o lọ jókòó sí kíláàsì tuntun láìní lẹ́tà. Ìdánwò tí o bá ṣe níbẹ̀ lè má ní èsì, torí orúkọ rẹ kò sí níwájú ẹnikẹ́ni.

Lẹ́tà ilé-ìwé nìkan kò sì tó. Chemistry ṣì ni JAMB mọ̀ ọ́ mọ́ lórí CAPS, ìkànnì ìgbàwọlé wọn. Ní kí ọ́fíìsì admissions fi ìyípadà náà ránṣẹ́ sí JAMB, kí o sì tẹ lẹ́tà JAMB tuntun jáde. Àwọn tó fojú fo èyí kì í rí ìyọnu rẹ̀ títí wọ́n á fi ṣetán. Ìwé Senate á kọ Computer Science, ti JAMB á kọ Chemistry, ẹgbẹ́ wọn á ti wọ aṣọ àgùnbánirọ̀ lọ, àwọn á ṣì máa lọ máa bọ̀ ní ọ́fíìsì.

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin ń parí 200 level Law ní yunifásítì aládàáni kan. Owó ibẹ̀ ti ju agbára mi lọ, mo tilẹ̀ ṣì jẹ wọ́n ní díẹ̀. Ṣé yunifásítì ìjọba lè gbà á sí 300 level? — Ìyá kan, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, Mà. Ẹ jẹ́ ká ti ibi gbèsè yẹn bẹ̀rẹ̀. Transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo èsì ọmọ yín, ni ìpìlẹ̀ ohun gbogbo, ilé-ìwé kì í sì í fẹ́ fi transcript ẹni tó jẹ wọ́n lówó ránṣẹ́. Ẹ wá bí ẹ ṣe máa san án tán kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù níbikíbi. Registry ilé-ìwé àtijọ́ ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí Registry tuntun ní tààrà. Èyí tí ọmọ bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé lọ, wọn ò ní kà á sí.

Law ṣòro ju ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì lọ, nítorí Council of Legal Education, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ òfin, ló ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí fákọ́tì kọ̀ọ̀kan lè ní. Bí àyè bá ti kún, èsì tó dára kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ béèrè ná bóyá wọ́n ń gba ẹni tó ń ti ibòmíràn bọ̀ sí Law rárá. Níbi tí wọ́n bá ti ń gbà, ẹ múra sílẹ̀ fún 200 level, kì í ṣe 300. Ọdún kan lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ fi owó ọdún mẹ́ta tó kù níbi tó wà wé owó ọdún mẹ́rin níbi tó ń lọ, ẹ ó rí èyí tó rọrùn jù.

Bí lẹ́tà ìgbàwọlé bá dé, ẹ lọ ṣe transfer lórí ìkànnì e-facility ti JAMB. Kó má fi ibi tó wà sílẹ̀ kí lẹ́tà yẹn tó dé o. Bó bá jẹ́ UTME ló fẹ́ tún ṣe, ó gbọ́dọ̀ sọ nínú fọ́ọ̀mù pé òun ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbì kan. JAMB ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fi pamọ́ lè pàdánù ibi méjèèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ó lọ ṣe Law ní part-time torí owó, ẹ má gbà. Kò ní gbé e dé Law School, níbi tí wọ́n ti ń di lọ́yà.

Ìbéèrè: Mo wà ní 300 level Microbiology. Ṣé mo lè máa ṣe Accounting ní yunifásítì mìíràn pọ̀ mọ́ ọn? — Ọ̀dọ́kùnrin kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Rárá. JAMB kò gba ìgbàwọlé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kọ́ọ̀sì alápapọ̀ wà, bíi Computer Science with Economics ní OAU, Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí kan ṣoṣo ni wọ́n ń fúnni, láti ìbẹ̀rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́.

Ohun tí o lè ṣe báyìí ni ATSWA ti ICAN. Ìdánwò ẹgbẹ́ oníṣirò owó ni, kì í ṣe ti yunifásítì, nítorí náà JAMB kò ní ohunkóhun bá a ṣe. Kírédíìtì márùn-ún, tí English àti Mathematics wà níbẹ̀, ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Apá mẹ́ta ló ní, o sì lè máa ṣe é díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Microbiology. Bó bá jẹ́ digírì kejì gan-an lo fẹ́, parí ti àkọ́kọ́, lọ sin ìlú, kí o wá fi digírì náà gba Direct Entry sí 200 level. Ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó jáde kì í sìn mọ́, nítorí náà má fi ìsìnrú ìlú dúró de digírì kejì.