Ilé Tí Ó Bá Erè Àgbà Mu Ní Ilẹ̀ Gbígbẹ Tiwa

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ẹran yín. Mo ti fara balẹ̀ ka ìbéèrè yín. Ẹ ní akọ kan àti abo kan nínú irú erè kékeré tí ayé mọ̀ sí ball python, àwọn méjèèjì ti dàgbà, inú àpótí gíláàsì kan ṣoṣo tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni wọ́n jọ wà, akọ kò jẹun mọ́, abo sì ń sùn sínú abọ́ omi láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ẹ fẹ́ kan ilé tuntun fún wọn níbẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ẹ sì ń béèrè bí ó ṣe yẹ kí ó tóbi tó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin ejò yìí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí ojú mi sì ti rí lórí ọ̀rọ̀ ilé wọn pọ̀. N óò sọ̀rọ̀ lórí bí ilé náà ṣe yẹ kí ó tóbi tó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó jù ú lọ.

Ejò yìí kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Láti Senegal títí dé Uganda ni ó ti ń gbé nínú ọ̀dàn àti oko, ó sì wà nínú oko tiwa náà. Ní ọ̀sán, inú ihò òkété àti inú òkìtì ọ̀gán ni ó máa ń sá pamọ́ sí, alẹ́ ni ó máa ń jáde. Ẹni tí ó bá ti ki ọwọ́ bọ inú irú ihò bẹ́ẹ̀ rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó há, ó tutù díẹ̀, ó sì ní ọ̀rinrin nígbà tí ilẹ̀ òde ti sán. Ihò yẹn ni a ní láti kọ́ fún un. Ọ̀pọ̀ ìlànà tí ẹ máa kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí ilé wọn tutù ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni wọ́n kọ ọ́, nítorí náà bí wọn yóò ṣe mú àpótí gbóná ni gbogbo ìyọnu wọn. Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ooru inú yàrá lásán lè kọjá 35°C ní ọ̀sán láti oṣù Kejì títí wọ oṣù Kẹrin, ọyẹ́ oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní sì máa ń gbẹ gbogbo nǹkan títí kan ètè wa. Bí ẹ bá kan ilé tí ó ń gbóná nìkan, bí ẹni ń yan ejò náà ni.

Ní ti títóbi, ẹ kan àpótí méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 120 sẹ̀ǹtímítà, kí ó fẹ̀ ní 60, kí ó sì ga ní 60. Abo tí ó ti dàgbà sábà máa ń gùn tó 120 sí 150 sẹ̀ǹtímítà, akọ kì í sábà tó bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí ejò rí àyè tí ó tó na ara rẹ̀ nínú ilé tirẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àpótí ńlá máa ń bà wọ́n lẹ́rù. Òfìfo ni ó ń bà wọ́n lẹ́rù. Bí ẹ bá fi ẹ̀ka igi, èèpo igi ńlá àti ewé oníke kún inú àpótí náà tó bẹ́ẹ̀ tí ejò lè rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì láìsí pé ara rẹ̀ hàn gbangba, kò ní sí ìbẹ̀rù kankan. Ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá. Ejò anìkàngbé ni, bí ẹ ṣe ń rí wọn tí wọ́n wé mọ́ ara wọn kì í ṣe ìfẹ́, ibi tí ó dára jù nínú àpótí ni wọ́n ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́, èyí tí kò lágbára kì í sì í jẹun. Bí ọ̀kan bá pọ oúnjẹ rẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ yí padà, ẹ kò ní mọ èwo ni nínú méjèèjì.

Plywood ni kí ẹ fi kan án, ẹ má lo gíláàsì ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Gíláàsì tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kò lè di ọ̀rinrin mú nígbà ọyẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ejò ní ibi tí ó lè fẹ̀yìn tì láìrí ènìyàn. Kí káfíńtà fi gíláàsì méjì tí a lè tì sọ́tùn-ún sósì sí iwájú nìkan, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ẹ kun inú igi náà ní fáníìṣì tí omi kì í wọ̀, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo oríkèé rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí i kalẹ̀ síta fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, títí òórùn náà yóò fi lọ pátápátá. Ihò afẹ́fẹ́ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti tó, ọ̀kan nísàlẹ̀, èkejì lókè, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kéré bò wọ́n láti òde, nítorí pé inú ni erè máa ń ti fi imú tì í, bí ó bá sì rí ẹnu irin, imú rẹ̀ yóò bó. Owó tí ẹ bá ná sí i kò ní ṣòfò. Ní ọdún 2020, abo kan ní ọgbà ẹranko St. Louis ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fojú bù pé ó ti lé ní 60 ọdún, yé ẹyin. Ní ilé tí a ti ń tọ́jú wọn dáadáa, 20 sí 30 ọdún ni ó wọ́pọ̀.

Ibi tí erè yóò máa sá pamọ́ sí ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn. Méjì ni ó yẹ kí ó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní apá tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ọ̀kan ní apá tí ó tutù, kí wọ́n sì jọra, kí ejò má baà yan ìpamọ́ dípò ooru tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Èmi kì í ra èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe mọ́. Ìkòkò amọ̀ ni mo ń lò. Àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dàda, ní Òkèlele ní Ìlọrin, lè mọ èyí tí ó wù yín, kí ẹ kàn sọ fún wọn kí wọ́n tó sun ún pé kí wọ́n dá ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ wọn ibi tí ara ejò yín ti nípọn jù, kí ihò náà fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ, kí inú ìkòkò náà sì há tó bẹ́ẹ̀ tí ejò bá ká ara rẹ̀ tán, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò kan ògiri yíká. Ẹ fi sáńpépà ha ẹnu ihò náà títí ìka yín kò fi ní rí ohun tí ó gún un, ẹ da ojú ìkòkò náà délẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ìhùùhù èèpo àgbọn tútù sí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá bu omi díẹ̀ sí ẹ̀yìn ìkòkò náà ní ọ̀sán, amọ̀ yóò fa á mu, yóò sì máa tutù bí àmù ìyá àgbà. Mo ti fi tẹmomítà oníwáyà gígùn wò ó nínú oṣù Kẹta: nígbà tí yàrá wà ní 36°C, inú ìkòkò tí ó wà ní apá tútù kò ju 29°C lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń lò ó, odindi ni awọ àwọn erè mi máa ń bọ́, pẹ̀lú ìbòrí ojú wọn méjèèjì.

Ìhùùhù èèpo àgbọn yẹn náà ni kí ẹ fi tẹ́ gbogbo ilẹ̀ àpótí, kí ó jìn tó ìka mẹ́rin. Ẹ gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ń ta àgbọn, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, kí ẹ sá a kí ó gbẹ kí ẹ tó lò ó. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n ń kó dà nù ní ilé ìlagi kò dára, eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn, ẹ kò sì mọ oògùn tí wọ́n ti fi sí igi náà. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tí ẹ ń wá jẹ́ ìdá 60 sí 70 nínú 100. Bí ọyẹ́ bá dé, omi ni kí ẹ dà sí igun àpótí kí ó rìn lọ sísàlẹ̀, kí òkè rẹ̀ gbẹ. Ilẹ̀ tí ó rẹ ṣìnkìn ní òkè máa ń mú kí ìpẹ́ ikùn wọn jẹrà.

Ní ti ooru, kí apá kan wà ní 31 sí 33°C, kí apá kejì wà ní 25 sí 27°C níwọ̀n bí ojú ọjọ́ bá ti gbà. Ní ọ̀pọ̀ oṣù, yàrá yóò ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Òru ọyẹ́ ni ẹ nílò gílóòbù seramíìkì tí kì í tan ìmọ́lẹ̀, kí ó wà nínú àgò onírin, kí thermostat, ẹ̀rọ tí ń gé iná nígbà tí ooru bá tó, sì máa darí rẹ̀. Ẹ má ra òkúta oníná tí ń gbóná láéláé, ó máa ń jó ikùn wọn. Ọlọ́jà kan ta thermostat fún mi tí kò gé iná mọ́ lẹ́yìn tí iná dé pẹ̀lú agbára ní òru ọjọ́ kan, ó sì gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù kí ẹ̀yìn abo mi tó san. Nítorí náà, ẹ dán an wò nínú àpótí òfìfo fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì fi stabilizer sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí iná bá lọ ní òru, ẹ fi aṣọ nípọn bo àpótí náà, kí ẹ fi ìgò omi gbígbóná tí ẹ ti fi aṣọ wé sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Èédú tàbí sítóòfù nínú yàrá tí a tì pa lè pa ejò àti ẹni tí ó ni ín. Ẹ má sì fún wọn ní oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ tí òtútù bá mú, nítorí pé oúnjẹ kò ní dà, wọn yóò pọ̀ ọ́.

Ẹ gbé àpótí náà sí ara ògiri inú, kí ó jìnnà sí ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń lù àti sí fèrèsé.

Abo yín tí ń sùn sínú omi ń sọ nǹkan kan fún yín. Ó lè jẹ́ ooru, ó lè jẹ́ àìní ibi ìpamọ́, ó sì lè jẹ́ kòkòrò tí ń fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun tútù fa ara rẹ̀ láti orí dé ìrù, kí ẹ wo abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ àti etí ojú rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí ohun dúdú wínníwínní tí ń rìn lórí aṣọ náà, ẹ lọ bá dókítà ẹranko, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà nítòsí yín. Ẹ má fọ́n oògùn ẹ̀fọn sí i, ẹ má sì fi oògùn apakòkòrò àrùn tí ń di funfun nínú omi fọ àpótí, májèlé ni irú rẹ̀ fún ejò. Ọṣẹ àti omi gbígbóná ti tó.

Akọ tí kò jẹun kò tíì yẹ kó já yín láyà bí kò bá rù. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lósẹ̀ọ̀sẹ̀. Eku tí a sìn ni kí ẹ máa fún wọn, kì í ṣe eku ilé tí ó lè ti jẹ májèlé, ẹ má sì fi eku ààyè sílẹ̀ pẹ̀lú ejò di ọjọ́ kejì.

Ẹ sọ fún onílé yín àti àwọn ará ilé kí àpótí náà tó wọlé. Erè kò ní oró, ṣùgbọ́n bí ó bá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní òru, àdá ni yóò kọ́kọ́ pàdé, kò sì ní jẹ́ ẹ̀bi tirẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi tẹnu mọ́ kọ́kọ́rọ́.

Kí káfíńtà tó parí iṣẹ́, ẹ ya wọ́n lónìí. Ẹ gbé akọ sínú ike ńlá tí ìdérí rẹ̀ ṣe é há, kí ẹ lu ihò kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sí i, kí ẹ fi abọ́ omi àti páálí tí a gé ẹnu sí síbẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí ó dákẹ́ jù nínú ilé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láìgbé e, lẹ́yìn náà kí ẹ fi eku lọ̀ ọ́ ní alẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná.