Ọfà kẹta tí kò yẹ kó wà lára garawa tó ń yípo

Ẹ ní wọ́n so garawa omi tó wọn kílógírámù 2 mọ́ okùn mítà 0.8, wọ́n ń jù ú yípo lóròó, eré rẹ̀ sì jẹ́ mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó dé òkè pátápátá. Ìṣirò yín fún ìfà okùn níbẹ̀ jẹ́ newton 60, ìwé sì ní 20 ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC ní físíìsì, 60 yẹn sì ti sọ fún mi pé ọfà mẹ́ta lẹ yà sára garawa nínú àwòrán yín láti fi àwọn ipá hàn: ìwúwo, okùn, àti ẹ̀kẹta tí ẹ pè ní centripetal.

Ẹ pa ẹ̀kẹta yẹn rẹ́. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó kọ ìṣirò kankan sílẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n kọ orúkọ ohun tó ń fa garawa tàbí tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọfà kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ayé ló ni ìwúwo, okùn ló ni ìfà rẹ̀. Tó bá kan ọfà kẹta, wọn kì í rí nǹkan kan kọ. Centripetal kì í ṣe ipá tó dá dúró, àpapọ̀ àwọn ipá tó kọjú sí àárín ìyípo la fún lórúkọ yẹn, ìdí sì nìyí tí mv²/r (m ni iye kílógírámù garawa, v ni eré rẹ̀, r ni rédíọ́ọ̀sì ìyípo, tó jẹ́ gígùn okùn níbí) fi gbọ́dọ̀ dá wà ní òdìkejì àmì ìdọ́gba.

Ẹ tún ya ọfà okùn sókè, bí ẹni pé òun ló gbé garawa dúró. Okùn kì í ti nǹkan, fífà nìkan ló mọ̀, ọwọ́ tó dì í mú sì wà nísàlẹ̀ garawa lákòókò yẹn. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ni òun àti ìwúwo jọ ń fà sí. Bí a bá fi 10 ṣe g, ìyẹn iye newton tí ilẹ̀ ayé fi ń fa kílógírámù kọ̀ọ̀kan, ìwúwo jẹ́ newton 20, mv²/r jẹ́ 40, okùn yóò sì san 20 tó kù.

Ìsàlẹ̀ gan-an ni okùn ti ń já, bẹ́ẹ̀ àwọn olùkọ́ kan máa ń sáré kọjá níbẹ̀. Bí ọwọ́ kò bá fi kún eré garawa tàbí kó dín in kù, yóò yára sí i bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀: v², tó jẹ́ 16 lókè, yóò di 16 + 4gr, ìyẹn 48. Àárín ìyípo ti wà lókè garawa báyìí. Tí a bá yọ ìwúwo kúrò nínú ìfà okùn, 120 ni yóò kù, okùn fúnra rẹ̀ yóò sì fà tó newton 140. Ìlọ́po mẹ́fà ìwúwo ni ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀, eré yòówù kó jẹ́, ohun tí mo sì máa ń fi yẹ iṣẹ́ mi wò nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí eré òkè bá kéré sí √(gr), tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 2.83 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, okùn yóò dẹ̀, omi yóò sì dà lé ẹni tó ń jù ú lórí.

Ní ti danfo tí ẹ ní ó máa ń tì yín síta ní kọ̀nà, ara yín ló fẹ́ máa lọ tààrà, ilẹ̀kùn ló sì ń tì yín sínú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìṣirò bí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ lè lo centrifugal, ìyẹn ipá tó dà bí ẹni pé ó ń tì í síta, kò burú, ṣùgbọ́n òdo ni kó kọ sí òdìkejì, kó má tún fi mv²/r síbẹ̀. Táyà tó di ọ̀nà mú ló ń fa ọkọ̀ náà sí àárín. Bí rédíọ́ọ̀sì kọ̀nà bá jẹ́ mítà 50, tí eré sì jẹ́ kìlómítà 54 ní wákàtí kan, v²/rg, ìyẹn ìdá ìwúwo ọkọ̀ tí ipá táyà láti di ọ̀nà mú gbọ́dọ̀ tó, jẹ́ 0.45, táyà tó dára lórí ọ̀nà gbígbẹ yóò gbé e, ṣùgbọ́n táyà tó ti jẹ lórí ọ̀nà tí òjò rọ̀ sí lè máà gbé e. Iye kílógírámù ọkọ̀ (m) kò sí nínú v²/rg rárá, nítorí náà, iye kan náà ló kan danfo tó ṣófo àti èyí tó kún fún èrò.