Kì Í Ṣe Ìdọ̀tí Ló Ń Mú Ara Ọmọ Yín Yún

Ìbéèrè: Dókítà, ara ń yún ọmọ mi, ọmọ ọdún 4, ní ìgúnpá àti ẹ̀yìn orúnkún. Wọ́n ní eczema ni, ìyẹn àrùn awọ tó máa ń mú ara gbẹ kó sì máa yún. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mò ń fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ha ìdọ̀tí náà, síbẹ̀ kò lọ. Kí ni kí n pò mọ́ ọṣẹ náà?

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ má po ohunkóhun mọ́ ọn. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, ó sì ń dùn mí, nítorí èépá wẹ́wẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ kànìnkànìn yẹn, awọ ara ọmọ náà gan-an ni ẹ ń ha dànù.

Ìpele òkè pátápátá lára awọ wa tínrín ju bébà lọ, ṣùgbọ́n òun ló ń dá omi ara dúró tí kò fi gbẹ. Ó máa ń kan díẹ̀: pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan sí (bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni nǹkan náà ṣe ń kan tó), sábà máa ń wà láàárín 4.5 sí 5.5, nígbà tí ti omi lásán jẹ́ 7. Lára ẹni tó ní eczema, ọ̀rá ceramide tó di ìpele náà pọ̀ máa ń dín kù, kíkan rẹ̀ náà á sì dín kù, àwọn èròjà tó ń tú awọ ògbólógbòó ká á wá máa ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Awọ náà á dà bí àmù tó ń sun, tí omi ń gba ara rẹ̀ jáde láìsinmi.

Ọṣẹ dúdú tí a fi eérú èèpo kòkó ṣe kò kan rárá. pH rẹ̀ sábà máa ń tó 9 tàbí 10. N kò bú ọṣẹ ilẹ̀ wa, nítorí ọ̀pọ̀ ọṣẹ inú páálí náà rí bẹ́ẹ̀. Awọ tí kò ní àrùn á bọ̀ sípò láàárín wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọmọ yín kò ní tíì bọ̀ sípò tí ìwẹ̀ mìíràn á fi dé. Ẹ fi èékánná fa ilà sí apá rẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ ó rí i bí yóò ti funfun bí ẹfun. Ẹ má sì torí ọ̀rọ̀ kíkan yìí fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára. Yóò jó o ni.

Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni kí ẹ máa wẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, láìlo kànìnkànìn, kó má ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Kí ara rẹ̀ tó gbẹ tán, ẹ fi ìpara tó nípọn tí kò ní lọ́fínńdà pa á. Ẹ má ra ìpara alápòpọ̀ tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo àrùn ara, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní steroid líle, ìyẹn oògùn tó ń pa ara wíwú àti yíyún lẹ́nu mọ́. Èyí tí dókítà bá fúnra rẹ̀ kọ fún un yàtọ̀. N kò fojú rí ọmọ náà, ìdáhùn yìí kò sì lè rọ́pò àyẹ̀wò. Bí ojú ibẹ̀ bá ń ṣomi, tàbí tó ń so èépá aláwọ̀ oyin, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.