Ìbéèrè àti ìdáhùn: Ṣé mo lè jókòó sí Dumaguete kí n máa ṣiṣẹ́ Ìlú Ọba?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, Leeds ni mò ń gbé, pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba ló sì wà lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ọmọ Dumaguete ní ilẹ̀ Filipínì ni, pásípọ́ọ̀tù ìlú wọn ló ṣì ń lò. Ara màmá rẹ̀ kò yá, a sì fẹ́ kó àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ lo ọdún kan lọ́dọ̀ wọn. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe. Ọ̀gá mi gbà kí n máa ṣe é láti ibẹ̀, àmọ́ n kò gbọ́dọ̀ pa ìpàdé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ jẹ. Irú físà wo ni mo nílò? Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ṣe é gbọ́kàn lé?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àmójútó màmá, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Ó ṣe é ṣe. Ọdún méjì ààbọ̀ ni mo fi ṣe iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti Dumaguete fún àwọn oníbàárà tó wà ní Yúróòpù, mo sì ti bá àwọn mélòó kan to yàrá iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Tí ẹ bá ń retí iléeṣẹ́ kan tó máa fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já, ẹ máa retí rẹ̀ pẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tò ó tí kò fi ní já.

Ọ̀rọ̀ físà kò le fún yín. Wọ́n ní òfin kan tó ń jẹ́ Balikbayan, ìyẹn ẹni tó padà sílé. Ọdún 1989 ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì tún un ṣe ní 2002. Ọmọ ilẹ̀ Filipínì tó bá ti lo ọdún kan ó kéré tán lókè òkun, tó wá ń bọ̀ wálé, ọkọ tàbí aya rẹ̀ àtàwọn ọmọ tó bá a rìn lè wọlé láìgba físà, kí wọ́n sì lo ọdún kan gbáko. “Tó bá a rìn” yẹn gan-an ni kí ẹ dì mú. Ẹ má ní kí ìyàwó yín máa lọ ná kí ẹ wá bá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ wọlé, ẹ jọ dúró níwájú òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè kan náà, kí ìwé ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ àti tíkẹ́ẹ̀tì àpadàbọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́ yín, kì í ṣe nínú ẹrù tí ẹ fi sábẹ́ ọkọ̀ òfúrufú. Kí ìyàwó yín fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Balikbayan lẹ bá wá. Bí kò bá sọ ọ́, wọ́n lè tẹ òǹtẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ fún àlejò láti Ìlú Ọba sí tiyín. Ẹ ka òǹtẹ̀ náà kí ẹ tó ṣí ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀. (Ẹni tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló ní, kó má fi ìdáhùn yìí rìn o. Ó ní láti gba físà kó tó kúrò nílé.)

Ẹ lè ti gbọ́ nípa físà tí Ààrẹ Marcos fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2025 fún àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ ṣiṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè. Kò kàn yín. Ọmọ orílẹ̀-èdè tó ń fún àwọn ará Filipínì ní irú físà bẹ́ẹ̀ ló wà fún, Ìlú Ọba kò sì ní irú rẹ̀.

Balikbayan kò fún yín láyè láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ará ibẹ̀. Ti owó orí náà wà ńlẹ̀: lójú òfin wọn, ibi téèyàn jókòó sí ṣiṣẹ́ ni owó iṣẹ́ náà ti wá, àlejò tó bá sì lò ju 180 ọjọ́ lọ nínú ọdún kan kì í ṣe àlejò lásán mọ́ lọ́dọ̀ àwọn agbowó orí. Ẹ wá ẹnìkan tó mọ òfin ìlú méjèèjì, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá yín, torí àṣẹ ẹnu kò tó. Oníṣirò owó kúkú ni yín, n kò ní máa kọ́ adáhunṣe ní ewé.

Ó wá ku aago. Wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣáájú Ìlú Ọba nígbà òtútù, méje nígbà ooru. Àwọn kì í yí aago tiwọn. Ìpàdé aago mẹ́sàn-án yín di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nígbà òtútù, aago mẹ́rin nígbà ooru, ẹ ó sì máa kúrò nídìí iṣẹ́ ní nǹkan bí aago kan òru, tàbí méjìlá nígbà ooru. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Gbogbo àárọ̀ di ti màmá àtàwọn ọmọ, oòrùn á ti máa rọlẹ̀ kí ẹ tó jókòó, ojúmọmọ ni wọ́n sì sábà máa ń mú iná tí wọ́n ti kéde pé àwọn máa mú.

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń mú iná. “Brownout” ni wọ́n ń pè é, bí gbogbo àdúgbò tilẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Kì í ṣe bíi tilé wa, ẹ ò nílò jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré tí iná bá lọ nígbà tí ọ̀gá ń bá yín sọ̀rọ̀ ti tó láti bà yín lórúkọ jẹ́. Oṣù tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo wà láàárín ìpàdé, bátìrì kọ̀ǹpútà mi kún dẹ́nu, ni ojú gbogbo wọn bá dúró gbagidi. Iná ti lọ. Kọ̀ǹpútà wà láàyè, ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kiri ilé, ló kú.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́gbọ́n. Okùn fáíbà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé kì í jẹ iná láàárín ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Iléeṣẹ́ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ náà ránṣẹ́ ní bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ tiwọn. Nítorí náà, lọ́pọ̀ ìgbà tí iná bá lọ, íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà lẹ́nu okùn tó wọ ilé yín. Ráútà ni kò rí iná jẹ. Ẹ yí ráútà yín padà kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: 12V ló wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ ra bátìrì kékeré oní-12V tí wọ́n ṣe fún ráútà, kò ju ìwé Bíbélì kékeré lọ, ẹ fi í sáàárín ráútà àti ògiri. Ó máa gbé e fún wákàtí mélòó kan. Nínú gbogbo owó tí mo ná níbẹ̀, kò sí èyí tó ṣe mí lóore tó o.

Ẹ ní sím káàdì iléeṣẹ́ mìíràn, tí kì í ṣe ti oní-fáíbà yín, bí wọ́n bá gé okùn náà lójú títì. Ẹ forúkọ sílẹ̀ dáadáa: láti 2022 ni òfin ti ní kí gbogbo sím ní orúkọ, èyí tí àlejò bá sì rà, ọgbọ̀n ọjọ́ ló ń lò àyàfi tó bá mú ìwé hàn pé wọ́n ti sún ìgbà òun síwájú. Ẹ fi fáíbà sórúkọ ìyàwó yín. Ẹni tó bá rántí ìjì Odette ti oṣù Kejìlá 2021, tó ṣe pé àwọn ibi kan wà lókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á ní kí ẹ ra Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ojú ọ̀run wá, pẹ̀lú. Ó ti wà níbẹ̀ láti 2023. Fún ọdún kan, n kò rò pé ó pọn dandan.

Tí ẹ ò bá ní gbé nílé àwọn àna yín, ẹ má gba ilé kankan lórí “fáíbà wà ńbí.” Onílé tèmi sọ bẹ́ẹ̀, mo sanwó. Ọmọ iṣẹ́ iléeṣẹ́ fáíbà gun àkàbà, ó ṣí àpótí dúdú tó wà lórí òpó iwájú ilé, ó wò ó, ó mirí. “Puno,” ó ti kún. Gbogbo ojú ihò inú rẹ̀ ni àwọn aládùúgbò ti gbà. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi lo dátà fóònù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí iléeṣẹ́ náà wá wo àpótí yẹn fún yín. Tí wọ́n bá fi ilé hàn yín ní Valencia, ìlú orí òkè tó wà nítòsí, atẹ́gùn ibẹ̀ tutù, àmọ́ igi pọ̀, igi a sì máa wó lé wáyà.

Tí ó bá jẹ́ ilé àna ni, ẹ gba yàrá ẹ̀yìn tó ní kọ́kọ́rọ́. Àna yín máa kan ilẹ̀kùn kí ẹ wá jẹun, ìfẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín ṣàlàyé fún wọn ṣáájú pé ìrọ̀lẹ́ lọ́fíìsì ń ṣí. Ẹ máa fi “Manong” (fún ọkùnrin) tàbí “Manang” (fún obìnrin) síwájú orúkọ ẹni tó bá jù yín lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú kò ní ṣì í. Ti videoke aládùúgbò, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọrin, ẹ̀rọ etí tó ń dín ariwo kù nìkan ló ràn mí lọ́wọ́. Ti àkùkọ, kò sóògùn.

Ẹnu ihò iná wọn jẹ́ ti irin pẹlẹbẹ méjì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yín kò ní wọ̀ ọ́, ẹ ra adáptà láti Leeds. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ tọrọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ fi to nǹkan yín níbẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ máa fi lọ sí painitan, ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ àárọ̀ nínú ọjà, ẹ jẹ budbud, ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ẹní pọ́n ẹ̀kọ, ẹ fi ṣokoléètì gbígbóná sìn ín. Ìrọ̀lẹ́, láago márùn-ún, ẹ tan ráútà, ẹ pe ọ̀rẹ́ kan ní Leeds lórí fídíò, kí ìyàwó yín lọ pa iná gbogbo ilé látorí mítà. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ṣì ń gbọ́ yín, ẹ lè kọ̀wé sí ọ̀gá pé ẹ ti ṣetán.