Ẹ fọ bóòtù ìbọn yín ná kí ẹ tó ra sípíríǹgì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ráífù Mauser 98 àlòkù tí ẹ rà kì í fẹ́ dún tí òtútù bá mú, ẹ wá ń bèèrè bóyá sípíríǹgì tó le, èyí tó ń ti abẹ́rẹ́ ìbọn lu ìdí ọta, ni kí ẹ fi sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí níyà rí.

Mauser 98 ni tèmi náà, wọ́n ti pààrọ̀ àgbá rẹ̀ sí èyí tó ń gba ọta .30-06 kó tó dọ́wọ́ mi. Ní Pennsylvania níbí ní Amẹ́ríkà, ìparí oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣí ọdẹ àgbọ̀nrín fún oníráífù, òtútù á sì ti máa gan èèyàn. Àgbọ̀nrín yọ, mo fa tírígà, ó ní "kẹ́". Mo dojú ìbọn síbi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni, mo dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí n tó ṣí bóòtù (irin ẹ̀yìn àgbá tí à ń fà ṣí, tí à ń tì pa), torí ọta lè fi falẹ̀ kó tó dún. Abẹ́rẹ́ inú bóòtù kàn fẹnu ba ìdí ọta lásán ni.

Ni mo bá lọ ra sípíríǹgì tó le jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n ń tà. Àṣìṣe ńlá! Ìgbà tí a bá ń gbé ọwọ́ bóòtù sókè ni sípíríǹgì abẹ́rẹ́ Mauser 98 ń fún pọ̀ kí ìbọn lè ṣetán láti dún, nítorí náà apá yín ni yóò ru gbogbo líle yẹn. Ìbọn tó ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ di ohun tí mo ń bá jìjàkadì. Lóòótọ́, abẹ́rẹ́ ń yára débi ìdí ọta, ṣùgbọ́n bó ṣe ń já lù ú ń mi ìbọn lọ́wọ́ mi. Àbùkù ibẹ̀ ni pé nígbà tí òtútù tún dé, ó tún kọ̀.

Bàbá kan tó ń tún ìbọn ṣe ló tú bóòtù náà palẹ̀ níwájú mi. Gíríìsì inú rẹ̀ ti dì bí ẹ̀kọ àná. Ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó fi epo fẹ́ẹ́rẹ́ nù ún. Ó wá gbé sípíríǹgì tí mo bá nínú ìbọn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun: ó fi bí ìbú ìka kan kúrú. Sípíríǹgì tí agbára rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 22 ló fi sí i, ìbọn náà kò sì tíì kọ̀ mọ́.

Tí ìdí igi ìbọn yín bá ṣì ní irin róbótó tó ní ihò láàárín, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ẹnu abẹ́rẹ́ bọ̀ tí ẹ bá fẹ́ tú bóòtù. Tí kò bá sí, igi líle tí ẹ dá ihò sí náà á ṣe é. Ẹ di sípíríǹgì mú dáadáa o, ó lè fò lu ojú.

Tó bá ṣì ń kọ̀ lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e lọ kí wọ́n wọn àlàfo tó wà láàárín bóòtù àti ìdí ọta. Tí àlàfo yẹn bá ti pọ̀ jù, kò sí sípíríǹgì tó lè wò ó sàn, ikarahun ọta sì lè fà já sínú àgbá.

Sípíríǹgì tírígà ńkọ́? Ẹ má gé e kó lè fúyẹ́. Ẹnìkan ṣe bẹ́ẹ̀ lójú mi. Ó kàn ti bóòtù pa ni, ìbọn dún. Ilẹ̀ ló dojú ìbọn kọ, òun ló yọ wá.