Ṣé kí n ra ìbọn tó ń já dírónù bọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ní iléeṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aláàbò kékeré kan ní Àjàṣẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù kajú ní Ṣábẹ̀, a sì máa ń ṣọ́ ibi ìnáwó. Láti ìgbà tí àkókò kajú ti wọlé ni dírónù kan ti ń wá fò lórí ilé ìkẹ́rù náà ní ìrọ̀lẹ́, ara oníbàárà mi kò sì balẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan lórí WhatsApp ní òun ní ìbọn tí kì í yin ọta, tó ń já dírónù bọ́, mílíọ̀nù 2 sẹ́fà ni ọ̀kan. Ó ní ohun tí àwọn sójà ń rà káàkiri ayé nìyẹn, pé kí n ra márùn-ún kí n máa fi wọ́n háyà. Ṣé lóòótọ́ ni ọjà yìí ń gbèrú tó bẹ́ẹ̀? Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á o. Ọjà náà ń gbèrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjà ìjọba ni, ohun tí wọ́n sì fẹ́ kó sí yín lọ́rùn yìí kọ́ ni àwọn ìjọba ń du láti rà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba òótọ́ inú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ tó lé ní bílíọ̀nù 5 dọ́là fún Raytheon, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà, lórí Coyote, ohun ìjà kékeré tó ń fò lọ pàdé dírónù lójú ọ̀run. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, DroneShield, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Ọsirélíà tó ń ṣe ẹ̀rọ ìdènà dírónù, gba iṣẹ́ fún ológun ilẹ̀ Yúróòpù kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 61.6 dọ́là Ọsirélíà. Iṣẹ́ yẹn nìkan ju gbogbo owó tó wọlé fún wọn ní odidi ọdún 2024 lọ.

Ìṣirò owó ló ń lé àwọn ológun kiri. Dírónù Shahed tí Ìránì ṣe, tí Rọ́ṣíà ń rán sí Yukréìn, iye tí wọ́n sábà máa ń dá lé e jẹ́ ẹgbẹ̀rún 20 sí ẹgbẹ̀rún 50 dọ́là. Mísáìlì Patriot kan tó lè gbá a dànù tó mílíọ̀nù 4 dọ́là. Ẹni tó bá ń fi mílíọ̀nù mẹ́rin lé ohun tí kò ju ẹgbẹ̀rún àádọ́ta lọ, bó bá borí lónìí, àpò rẹ̀ á gbẹ lọ́la. Ní òru ọjọ́ 9 mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, nǹkan bí ogún dírónù Rọ́ṣíà wọ òfuurufú Pólándì. Ọkọ̀ òfuurufú F-35, tí owó ọ̀kan ń lọ sí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là, ni wọ́n gbé dìde lé wọn, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn dírónù náà kò ju pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti fóòmù lọ.

Nítorí náà, ohun tí ológun ń wá ni ohun tí yóò pa dírónù lówó pọ́ọ́kú. Yukréìn ń fi dírónù kékeré lé dírónù ńlá, ẹgbẹ̀rún dọ́là díẹ̀ ni ọ̀kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní lésà DragonFire tí wọ́n ní yíyìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tó pọ́n-ùn mẹ́wàá. Kódà Gepard, ìbọn ńlá orí ọkọ̀ tí Jámánì ti ń lò láti àárín àwọn ọdún 1970, tí wọ́n ti fẹ̀yìn rẹ̀ tì, tún padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Yukréìn lọ́dún 2022, torí pé ọta rẹ̀ kò wọ́n bíi mísáìlì. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó yin nǹkan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé dírónù ń bọ̀: rédà, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìgbì rédíò, kámẹ́rà tó ń ríran lóru, makirofóònù, àti kọ̀ǹpútà tó ń pa gbogbo wọn pọ̀ kó lè sọ pé "ẹyẹ nìyí, dírónù nìyẹn." Apá ibẹ̀ gan-an ló le jù, ibẹ̀ ni owó ńlá sì ń lọ. Tí ẹ bá rí ìwé kan tó ní iye báyìí ni ọjà yìí tó, tí òmíràn ní ìlọ́po méjì ni, ẹ má ṣe jẹ́ kó dà yín láàmú: ẹnì kan ka irú Gepard mọ́ ọn, ẹnì kejì kò kà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá. Àwọn agbésùnmọ̀mí JNIM ti ń fi dírónù ju bọ́ǹbù ní Mali àti Bùrùkínà Fasò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ISWAP fi dírónù kọlu àgọ́ ológun ní Wajiroko ní ìpínlẹ̀ Borno, nígbà tó sì di oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ológun Nàìjíríà fòfin de dírónù tí kò gbàṣẹ ní ìlà-oòrùn àríwá. Àwa náà sin ọmọ ogun 54 lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025 ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Ó wù mí kí àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́nu ààlà ní ohun ìdáàbòbò tó péye sí i. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn tí mo bá rí ẹni tó ń fi orúkọ wọn ta ọjà gbàǹjo.

Ó wá ku ìbọn náà fúnra rẹ̀. Ìgbì rédíò ló ń yìn, láti fi dí ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín dírónù àti rìmóòtù rẹ̀. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú àṣẹ. Ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò hàn wà níwájú mi. Kí wọ́n tó fa ohunkóhun, mo ń rí ìlà tín-ínrín tí dírónù àti rìmóòtù rẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí ìgbì 2.4 GHz, tí Wi-Fi náà ń lò. Bí wọ́n ṣe fa ìbọn, gbogbo ojú ẹ̀rọ kún fọ́fọ́, n kò rí ìlà kankan mọ́. Wi-Fi fóònù mi já lẹ́sẹ̀ kan náà. Dírónù náà kò já bọ́ o. Ó dúró lójú kan ní òkè, ó yí padà, ó sì forí lé ibi tí ó ti gbéra, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó. Bí ìbọn náà bá dí GPS, ohun tó fi ń mọ ibi tó wà, mọ́ ọn pẹ̀lú, atẹ́gùn ni yóò máa gbé e lọ títí bátìrì yóò fi tán, orí ẹni tó bá sì bọ́ lé, ọrùn yín ni ẹjọ́ rẹ̀ wà. Níbi ìnáwó tí èrò ti pọ̀, ẹ ro ìyẹn wò dáadáa.

Lójú ogun pàápàá, irú ìbọn yìí ti ń pàdánù agbára. Láti ọdún 2024 ni Rọ́ṣíà ti ń lo dírónù tó ń fa okùn fáíbà tín-ínrín lẹ́yìn, okùn náà lè gùn ju kìlómítà mẹ́wàá lọ, inú rẹ̀ sì ni àṣẹ ń gbà. Kò sí ìgbì rédíò tí ẹ máa dí.

Ti òfin wá ńkọ́? Àjọ ìjọba tó ń jẹ́ ARCEP ló ń bójú tó ìgbì rédíò ní Bẹ̀nẹ̀, kò sì sí aládàáni tó lè dédé máa dí ìgbì ẹlòmíràn. Ìbọn olówó pọ́ọ́kú kì í dúró sórí ìgbì tí wọ́n kọ sí i lára. Ó lè dé orí GPS tí ọkọ̀ òfuurufú tó ń bọ̀ ní Kútọnu ń lò, kò sì mọ ibi tí ààlà Nàìjíríà wà. Dírónù fúnra rẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ni lójú òfin, abẹ́ ANAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, ló wà. Àdéhùn Chicago ti ọdún 1944, àdéhùn àgbáyé lórí ọkọ̀ òfuurufú, ti dárúkọ ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní awakọ̀ láti ìgbà náà. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, fún ọ̀pọ̀ ọdún, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ mélòó kan péré ni òfin gbà láàyè láti já dírónù, ọlọ́pàá ìlú kò sí níbẹ̀.

Ẹ bi ọkùnrin yẹn ní ìbéèrè kan péré: ìwé wo ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín kó tó tà á? Iléeṣẹ́ gidi tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí yóò béèrè ìwé ìjọba tó fi hàn pé ìjọba ló máa lò ó. Bó bá ní kò sí ìwé, pé ẹ ṣáà fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Ohun tí ẹ lè ṣe pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí méérì ní Ṣábẹ̀, ẹ béèrè bóyá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ tàbí tó ń ya àwòrán oko kajú wà lágbègbè náà. Mo fura pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín máa parí sí. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí mẹ́gáàdì máa kọ aago, ibi tó ti yọ, ibi tó gbà lọ, kó sì yà á sí fóònù. Ẹni tó ń darí dírónù kékeré kì í sábà jìnnà ju kìlómítà kan sí méjì lọ. Ẹ rán ẹni méjì lórí ọ̀kadà lọ sí apá ibi tó ń padà sí, kí wọ́n kàn wò, kí wọ́n má bá ẹnikẹ́ni jà, kí ẹ sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí kọ̀mísáríà. Ọ̀pọ̀ dírónù tuntun máa ń kéde nọ́ńbà ara wọn àti ibi tí wọ́n wà, tí ẹni tó ni ín kò bá pa á. Áàpù ọ̀fẹ́ wà lórí fóònù tó lè kà á. Gbígbọ́ nìkan nìyẹn, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ yìí pawó, ọ̀nà gbígbọ́ àti ṣíṣọ́ ni kí ẹ bá wọlé. Ẹ kọ́ ọmọ iṣẹ́ yín ní bí a ṣe ń dá dírónù mọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn yín pẹ̀lú oníbàárà pé rírí, kíkọ sílẹ̀ àti fífi tó ọlọ́pàá létí ni iṣẹ́ yín, pé ẹ kò ní já ohunkóhun bọ́ láti òkè. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i kí àkókò kajú mìíràn tó wọlé.